Ìtọ̀ Ológbò Ni, Kì Í Ṣe Ti Ìyá

Ẹ bá mi pa rédíò yẹn. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò fẹ́ orogún. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé ẹnu mi kì í yẹ̀ níwájú ẹnikẹ́ni: mo ti fi ẹnu yìí lé onílé jáde kúrò nínú ilé ara rẹ̀, mo ti fi bá ọlọ́pàá jiyàn títí òun fúnra rẹ̀ fi tọrọ gáfárà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnu yìí ń sá fún láti ìgbà tí àkọ́bí mi ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé lọ sílé-ìwé. Lónìí, ó gbọ́dọ̀ jáde. Kì í ṣe pé mo ti di ẹni mímọ́. Bàbá yín tó jókòó sórí àga yẹn ló ń kú lọ lójú mi. Ẹ wo ètè rẹ̀ bó ṣe ń bó. Dókítà ní kíndìnrín rẹ̀ ń daṣẹ́ sílẹ̀, ó ní kó máa mu omi, kó máa mu omi. Ó kọ̀. A bẹ̀ ẹ́ títí, ó kọ̀. Lánàá ni mo há a mọ́ kọ̀rọ̀, mo ní, "Kí ló ṣe ọ́ ná, ọkùnrin yìí?" Ó wá dá mi lóhùn wẹ́lẹ́ pé, "Ó wà nínú ìdílé wa. Ìyá mi ń tọ̀ sára títí wọ́n fi kú. Mi ò fẹ́ kí àwọn ọmọ mi máa gbóòórùn mi."

Ọkọ mi, gbọ́. Kò sí ohunkóhun nínú ìdílé yín. Ìyá rẹ kò tọ̀ sára rí. Ológbò ló tọ̀. Èmi aya rẹ ni mo mọ̀, èmi náà ni mo sì yí i lé ìyá lórí. Rárá, má dìde. Bí mo bá dákẹ́ báyìí, mi ò ní lè ya ẹnu mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kéré kò rántí ilé tí a gbé nígbà yẹn. Ilé kékeré ni, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró ló la àárín rẹ̀ kọjá. Yàrá iwájú, tó ní fèrèsé sójú títì, ni ti ìyá. Èmi ń ṣe iṣẹ́ alágbàfọ̀ lẹ́yìnkùlé, níbi tí oòrùn kì í dé, tí aṣọ ti ń rùn kó tó gbẹ. Àwọn oníbàárà á kọjá níwájú ilé wa lọ sọ́dọ̀ alágbàfọ̀ tó wà ní ìkóríta, torí pé tiẹ̀ ni ojú wọn rí. Nígbàkigbà tí mo bá lọ gbálẹ̀ yàrá ìyá, màá dúró níwájú fèrèsé yẹn, màá máa fojú wọn ibi tí tábìlì tí màá fi máa lọṣọ yóò wà, àti ibi tí màá máa fi aṣọ kọ́ sí. Ọkàn mi ti lé ìyá jáde tipẹ́ kí ọwọ́ mi tó bẹ̀rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, kí ni ìyá fi ṣe mí? Wọn ò fi nǹkan kan ṣe mí. Agbẹ̀bí ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ọwọ́ wọn ni ìdajì àwọn ọmọ àdúgbò bọ́ sí, ọwọ́ wọn náà lẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó yìí bọ́ sí. Wọ́n mọ́ tónítóní débi pé wọ́n á fọwọ́ kí wọ́n tó jẹun, wọ́n á tún fọwọ́ kí wọ́n tó gbé ológbò, àfi bí ẹni pé ológbò ló máa kó ìdọ̀tí lára wọn. Àwọn ológbò náà sì pọ̀. Ẹlẹ́yinjú ni ìyá gbogbo wọn; akọ tó bí, tó rí bí eérú, la ń pè ní Ọ̀gá; àwọn yòókù ń wọlé, wọ́n ń jáde bí àlejò. "Ọ̀gá, o ò tíì kí mi láàárọ̀ yìí o," ìyá á sọ bẹ́ẹ̀, ẹran náà á sì wá fara nù wọ́n lẹ́sẹ̀.

Ìgbà tó yá ni òórùn bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ wà lára aṣọ fèrèsé, ó bọ́ sára bàtà ọkọ mi, ó wá dénú apẹ̀rẹ̀ aṣọ tí mo ti lọ̀ tán. Olùkọ́ kan gbé ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ padà wá, ó fi ṣóńṣó ìka mú un, ó ní, "Alágbàfọ̀, ṣé ìtọ̀ lẹ fi ń po sítáàṣì ni?" Gbogbo àwọn tó wà lójú títì bú sẹ́rìn-ín. Mo já ṣẹ́ẹ̀tì náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wọlé, mo ní kí ọkọ mi yàn, èmi tàbí àwọn ẹran yẹn. Mo mọ ohun tí mo ń ṣe. Bí àwọn ológbò bá lọ sílé àbúrò rẹ̀ obìnrin, ìyá máa tẹ̀lé wọn, yàrá á sì ṣófo.

Ìyá ò bínú. Wọ́n ránṣẹ́ pe dókítà ẹran. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ló wá, ó kúnlẹ̀, ó ń gbóòórùn ògiri bí ẹni ń gbóòórùn ọbẹ̀, ẹ̀rín ń pa mí. Ó ní, "Ẹ wò ó, ìyá, kì í ṣe àìsàn, kì í sì í ṣe ìwà burúkú. Akọ yín yìí á kẹ̀yìn sí ògiri, á gbé ìrù sókè, ìrù á máa gbọ̀n, á wá tọ̀ lu ògiri. Ààlà ló ń pa. Ó ń sọ pé ibí yìí, tòun ni. Àwọn ológbò yín pọ̀, páànù iyanrìn tí wọ́n ń ṣu, tí wọ́n ń tọ̀ sí kò kárí. Akọ àjèjì kan tún ń wá jókòó síta fèrèsé yìí, ẹ̀rù sì ń ba Ọ̀gá pé wọ́n fẹ́ gba ilé mọ́ òun lọ́wọ́."

Mo ní, "Ṣé ká nà án?"

"Bẹ́ ẹ bá nà án, á tọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó ní ká tẹ Ọ̀gá lọ́dàá. Ó ní kí ológbò kọ̀ọ̀kan ní páànù tiẹ̀, kí ọ̀kan sì lé. Ó ní ká fi bébà bo ìsàlẹ̀ fèrèsé kí Ọ̀gá má rí ti ìta mọ́. Ó wá kọjú sí mi, torí wọ́n ti sọ fún un pé alágbàfọ̀ ni mí: "Màmá, oògùn ìfọ̀ tó ń ta imú yẹn, ẹ má lò ó o. Nímú ológbò, òórùn rẹ̀ bá ti ìtọ̀ mu. Bẹ́ ẹ bá fi fọ ibì kan, ẹ ti ránṣẹ́ pè é padà síbẹ̀ nìyẹn." Ó fún wa ní irú èyí tó ń jẹ òórùn tán láti gbòǹgbò.

A ṣe gbogbo rẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́. Ilé rọ̀. Òórùn lọ. Ìyá ń yọ̀, wọ́n ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá yà pé, "Ìyàwó mi ló bá mi fọ ògiri o." Ó yẹ kínú mi dùn. Ńṣe ni inú mi korò bí orógbó, torí ẹjọ́ tí mo fẹ́ fi lé ìyá ti tú ká. Mo lọ ráhùn lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi onídìrí. Ó ń ya irun lọ́wọ́, kò tiẹ̀ wojú mi, ó ní, "Ológbò ti rí ìwòsàn, ìyá ọkọ ńkọ́? Ṣé arúgbó kì í tọ̀ ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ẹni tó ń dirí fún náà rẹ́rìn-ín. Àwàdà ni lójú tiẹ̀, kò sì mọ̀ títí dòní. Èmi nìkan ni mi ò rẹ́rìn-ín. Àwọn kan á ní iṣẹ́ èṣù ni. Ẹ fi èṣù sílẹ̀, iṣẹ́ tiẹ̀ tó o ṣe. Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyí.

Ohun gbogbo tí dókítà ní ká má ṣe ni mo ṣe. Mo fa bébà fèrèsé ya, mo ní atẹ́gùn ni. Mo kó lára àwọn páànù iyanrìn pamọ́. Mo fi oògùn tó ń ta imú nu ẹsẹ̀ ibùsùn ìyá àti ẹ̀yìn àga wọn, bí ìyàwó rere. Ọ̀gá, ẹran tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá, tó ti gbàgbé ìjà, ó tún rí akọ àjèjì, ó tún gbóòórùn, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wo ìrù rẹ̀ tó ń gbọ̀n. Mo fi àkísà gba ìtọ̀ náà. Nígbà tí ìyá wà ní balùwẹ̀, mo fún àkísà náà sí àárín ibùsùn wọn. Ọwọ́ mi ò gbọ̀n. Ìrù ológbò ló gbọ̀n, ọwọ́ mi ò gbọ̀n.

Nígbà tí ọkọ mi gbé ọkọ̀ ẹrù rẹ̀ dé láti ìrìn àjò, òórùn ló kí i káàbọ̀. Ìyá ní, "Ó jọ pé Ọ̀gá tún ti bẹ̀rẹ̀." Èmi ni mo ká aṣọ ibùsùn, mo gbé e dé imú, mo mi orí. Ẹni tó ti ń fọ aṣọ ọmọ tuntun, aṣọ aláìsàn àti aṣọ ọ̀mùtí láti kékeré, ta ló máa bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jiyàn òórùn? Mo mọ ti ènìyàn yàtọ̀ sí ti ológbò bí ẹ ṣe mọ iyọ̀ yàtọ̀ sí ṣúgà. Mo rọra sọ ọ́, bí ẹni ń bo àṣírí: "Èyí kì í ṣe ti ológbò." Ọkọ mi wolẹ̀. Ìyá ń wo ọwọ́ wọn.

Láti ọjọ́ náà, mò ń fún àkísà sórí ibùsùn lóòrèkóòrè, ṣùgbọ́n mi ò nílò kí n fẹnu purọ́ púpọ̀ mọ́. Irọ́ tó bá ti rí ẹni gbà á gbọ́, á máa dá rìn. Obìnrin kan tí ìyá gbẹ̀bí gbogbo ọmọ rẹ̀ ṣún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lórí bẹ́ǹṣì, ó ní òun ń wá ibi tí atẹ́gùn wà. Ọkọ mi, ìwọ náà ra rọ́bà tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ aláìsàn. O ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín omi kù bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú." Ẹsẹ̀ rẹ lò ń wò bó o ṣe ń sọ ọ́. Mo mọ̀ pé gbólóhùn yẹn ló ń jẹ ọ́ lọ́kàn láti ọdún gbọ́nhan. Kì í ṣe tìẹ. Èmi ni mo fi sí ọ lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí n dé ibi tó burú jù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá pè mí wọlé, wọ́n ní kí n ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán ni. Ìwẹ̀ ni wọ́n ń wẹ̀ ṣáá lásìkò yẹn, awọ ara wọn ti ń bó. Wọ́n jókòó sórí rọ́bà, ó ń dún wáwá lábẹ́ wọn. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Ìyàwó mi," wọ́n ní, "mo ti gbẹ̀bí àìmọye obìnrin, mo mọ ara. Mi ò mọ ìgbà tí mò ń tọ̀. Mi ò mọ̀ ọ́n lára, àfi kí n bá a lórí ibùsùn. Ìwọ lo mọ òórùn. Má ro ti pé ìyá ọkọ rẹ ni mí, má fi àánú bò mí lójú. Ṣé tèmi ni lóòótọ́?"

Ọ̀gá wà lórí àga, ó ń wò mí. Ọlọ́run ṣí ilẹ̀kùn fún mi gbayawu. Ká ní mo sọ pé, "Rárá, ìyá," ká ní mo bú sẹ́kún níbẹ̀, wọn ì bá ti dárí jì mí kílẹ̀ tó ṣú. Mo wo fèrèsé. Mo rí àwọn èèyàn tó gbé aṣọ dání, tí wọ́n ń kọjá lọ sí ìkóríta. Mo ní, "Tiyín ni, ìyá. Ẹ má bínú, tiyín ni." Wọ́n jọ̀wọ́ ọwọ́ mi. Wọ́n ní, "O ṣeun tó o sọ òótọ́ fún mi."

Ìdúpẹ́ yẹn! Ká ní wọ́n gbá mi létí, ì bá sàn.

Láti ọ̀sán ọjọ́ náà, ìyá ò mu omi mọ́ àfi èyí tí wọ́n fi gbé oògùn mì. Ìgbà ooru ni. Màá gbé omi wọlé, màá bá a bó ṣe wà, màá gbé e jáde. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: mo mọ ìdí. Mo rí i tí ahọ́n ń lẹ̀ mọ́ wọn lókè ẹnu. Mo ń sọ fún ara mi pé ó máa tó rẹ̀ wọ́n, àbúrò ọkọ mi á wá mú wọn lọ. Ó wá lóòótọ́, ó mú wọn lọ, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ló mú wọn lọ. Wọn ò padà wá. Dókítà ibẹ̀ ní, "Ta ló ń tọ́jú wọn nílé? Ara wọn ti gbẹ tán pátápátá." Mo sunkún ju gbogbo yín lọ. Àwọn aládùúgbò ní, "Ẹ wá wo ìyàwó rere."

Mo gba yàrá náà. Àwọn oníbàárà dé. Ọ̀gá bá tiẹ̀ lọ lẹ́yìn ìsìnkú, a ò rí i mọ́. Àbúrò ọkọ mi kó àwọn yòókù. Kò sí ológbò kankan nílé mọ́, òórùn náà ò sì lọ. Màá ká aṣọ lójú oòrùn, funfun balau, màá gbóòórùn ìtọ̀. Màá tún un fọ̀, màá tún gbọ́ ọ. Màá bi oníbàárà pé, "Ẹ ò gbóòórùn nǹkan kan?" Wọ́n á ní ọṣẹ làwọn ń gbọ́. A kó kúrò nílé yẹn, ó bá wa kó. Bí mo bá dá jókòó lọ́sàn-án, màá gbọ́ rọ́bà tó ń dún wáwá níbi tí kò sí ibùsùn. Òórùn yẹn wà nínú yàrá yìí bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Imú tí mo fi jẹ́rìí èké, kò sọ òótọ́ fún mi mọ́ láti ìgbà náà.

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti gbọ́ bí ẹ ṣe máa ń fi ìyá àgbà yín ṣàwàdà bí ẹnì kan bá da omi sílẹ̀. Ẹ ò mọ̀, mi ò dá yín lẹ́bi. Láti òní lọ, ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín pé mímọ́ ni ìyá àgbà yín gbé, mímọ́ ni wọ́n kú. Ìyàwó ọmọ mi, ìwọ tó o fara ti ilẹ̀kùn yẹn: bó o bá fẹ́ yàrá mi, béèrè lọ́wọ́ mi. Kẹ́nu béèrè kò wọ́n. Ká ní mo béèrè, ìyá ì bá fúnra wọn gbé ibùsùn lọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n á tún máa bá mi ká aṣọ. Ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín bá mú káyé máa gbà yín gbọ́ láìwádìí, ẹ bẹ̀rù ẹnu ara yín.

Ọkọ mi, mi ò kúnlẹ̀ kó o lè gbé mi dìde. Bó o bá fẹ́ bínú, bínú. Bó o bá fẹ́ lé mi, mo ti mọ ọ̀nà ìta. Ṣùgbọ́n o ò jogún àìsàn kankan lọ́dọ̀ ìyá rẹ. Irọ́ mi lo jogún, mo sì ti gbà á padà lọ́wọ́ rẹ lójú àwọn ọmọ rẹ.

Ẹ gbé omi fún bàbá yín. Ẹ má tíì dárí jì mí o. Ẹ má tíì bú mi pàápàá. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ mu omi.