Orúkọ Àgbà Lórí Fọ́ọ̀mù Owó Orí Ilé

Ẹ bá mi ké sí Olúwa! Ẹ ké sí I kí gbogbo Oud Metha ní Dubai níbí gbọ́! Ọlọ́run tó ń ya ìwé kóòtù, Ẹ ṣeun! Ọlọ́run tó ń rán ènìyàn lọ kan ilẹ̀kùn ẹni tí kò lè jáde, Ẹ ṣeun o! Ẹ jẹ́ kí n mí ná.

Ẹ̀yin ará, èmi ni Mọ́mì Bùkọ́lá, èmi tí mo máa ń pẹ́ dé ní gbogbo Jímọ̀ tí à ń ṣe ìsìn nítorí pé Sharjah ni mo ti ń bọ̀. Kí n tó jẹ́rìí, mo ní ohun kan láti jẹ́wọ́. Wàhálà tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ má di ẹ̀bi ẹ̀ ru Sàtánì. Èmi ni mo fà á.

Bùkọ́lá, ọmọ mi kan ṣoṣo, ń kàwé ní yunifásítì nílùú Òyìnbó. Òun àti ọmọbìnrin méjì jọ gba ilé kékeré kan, akẹ́kọ̀ọ́ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní ilẹ̀ yẹn, gbogbo ilé ló ń san owó orí fún káńsù. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló ń gbé inú ilé, káńsù ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Bí àgbàlagbà kan tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ bá ti ń gbé láàárín wọn, ààyè yẹn bàjẹ́ nìyẹn. Ṣé mo mọ̀? N ò mọ̀ rárá!

Ọ̀sẹ̀ tí fọ́ọ̀mù káńsù dé, ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Délé, wà lọ́dọ̀ Bùkọ́lá. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni wọ́n fi ṣe àlejò níbẹ̀, kí wọ́n tó wá ra ọjà ní Deira níbí, kí wọ́n sì padà sí Èkó. Ọmọ mi pè mí.

"Mọ́mì, fọ́ọ̀mù yìí ní ká kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń gbé inú ilé. Ta ni ká kọ sókè?"

Mo ní, "Bùkọ́lá! Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sínú ilé, o wá ń bi mí. Ṣé orúkọ tìẹ lo fẹ́ kọ ṣáájú tàgbà ni?"

"Àmọ́ Mọ́mì, Sátidé ni Ọ́ńkù ń lọ."

"Kọ ọ́, jàre! N ò kọ́ ẹ ní àrífín."

Ó kọ ọ́. Ọmọ tó gbọ́ràn ni. Èmi ni mo tọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó yá, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Orúkọ Bọ̀dá Délé ló wà lára àpòòwé. Bùkọ́lá ní kí lòun máa ṣe sí wọn. Mo ní kó kó wọn jọ, kó má dán an wò kó ṣí lẹ́tà àgbà, pé Ọ́ńkù á gbà á bí wọ́n bá padà wá. Ó kó gbogbo ẹ̀ sínú àpótí bàtà.

Ọ́ńkù ò padà wá. Ẹ̀jẹ̀ ríru gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ ní Èkó, wọn ò tilẹ̀ ṣàìsàn fún ọjọ́ kan. Bùkọ́lá ní, "Mọ́mì, lẹ́tà Ọ́ńkù ṣì ń wọlé." Mo fara ya. Mo ní kó fi í sílẹ̀, pé ọkàn mi ò gbà á kí ẹnikẹ́ni máa tú ìwé wọn báyìí.

Ẹ gbọ́ o. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkùnrin méjì kan ilẹ̀kùn. Kóòtù ló rán wọn. Àwọn ọmọ méjì yẹn ti lọ sílé òbí wọn fún ìsinmi, Bùkọ́lá nìkan ló wà níbẹ̀. Wọ́n ní, "Kò sẹ́ni tó san owó orí ilé yìí. Kóòtù ti dá ẹjọ́. Bẹ́ ẹ bá kọ̀ láti san, ẹrù la máa kó." Wọ́n kọ kọ̀ǹpútà ọmọ mi mọ́ ẹrù tí wọ́n máa kó. Inú kọ̀ǹpútà yẹn ni gbogbo iṣẹ́ àṣekágbá ẹ̀ wà! Wọ́n tún dárúkọ ẹ̀wọ̀n kí wọ́n tó lọ.

Ọmọ mi ti ara ẹ̀ mọ́lé. Kò lọ sílé ìwé mọ́. Kò gbé fóònù. Èmi wà nídìí fóònù tó wà nísàlẹ̀ ilé wa ní Al Taawun ní Sharjah, káàdì ń tán, mo ń ra òmíràn, ó ń dún, ó ń dún. Ọjọ́ karùn-ún ló gbé e. Ohùn ẹ̀ ti kéré.

"Mọ́mì, mo pa gbogbo iná kí wọ́n má mọ̀ pé mo wà nílé."

Mo ní kí ló jẹ. Ó ní búrẹ́dì. Mo ní ìgbà wo. Ó ní òun ò rántí mọ́.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ bá mi rò ó. Mo fẹ́ lọ! Ṣùgbọ́n páspọ́ọ̀tù mi wà lọ́wọ́ Lárúbáwá tí mò ń bá ṣiṣẹ́. Mo kúnlẹ̀ fún un. Ó ní, "Bukra, madam. Bukra." Ọ̀la ló ń pè bẹ́ẹ̀. Ọ̀la ọ̀hún ò dé. Lórí ẹ̀ náà ni ilé ìwé kọ̀wé pé bí àwọn ò bá rí Bùkọ́lá láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn á yọ orúkọ ẹ̀. Gbogbo làálàá ọdún mẹ́ta! Mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Olúwa rán Bọ̀dá Fẹ́mi sí mi, tí wọ́n ń gbé Karama. Wọ́n ti kàwé lọ́hùn-ún rí. Mo ro gbogbo ẹ̀ fún wọn ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì yìí. Wọ́n mi orí.

"Mọ́mì, akẹ́kọ̀ọ́ kì í san owó yẹn. Orúkọ ẹ̀gbọ́n yín ló ba nǹkan jẹ́."

Mo ní, "Èmi ni mo ní kó kọ ọ́!"

Bọ̀dá Fẹ́mi bá mi pe káńsù. Wọ́n ṣàlàyé pé àlejò ni ẹ̀gbọ́n mi, pé wọ́n sì ti kú. Òṣìṣẹ́ káńsù ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó kúrò nínú ilé ni mò ń béèrè. Kí ilé ìwé kọ̀wé pé akẹ́kọ̀ọ́ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kẹ́ ẹ sì fi ìwé tó fi hàn pé ó ti lọ ránṣẹ́." Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wá páspọ́ọ̀tù wọn títí ní Èkó, kò rí i.

Bí mo ṣe ń gbàdúrà ni òtẹ́ẹ̀lì tí ẹ̀gbọ́n mi dé sí ní Deira sọ sí mi lọ́kàn. Gbogbo àlejò ni wọ́n máa ń ṣe fótókópì páspọ́ọ̀tù ẹ̀! Mo sáré lọ. Ọmọ Íńdíà tó wà nídìí tábìlì ní, "Old file, madam. Khalas." Ó ti tán ló ń pè bẹ́ẹ̀. Mo ní, "My brother don die." Ó wò mí. Ó dìde. "Yalla, come."

Páálí lórí páálí nínú eruku. Ó ń tú, mò ń tú. Ó fa ìwé kan yọ. Ògo! Òǹtẹ̀ Dubai rèé, ọjọ́ tí wọ́n ti ìlú Òyìnbó wọlé rèé, ojú ẹ̀gbọ́n mi rèé, wọ́n ń wò mí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo bú sẹ́kún. Ọmọ yẹn ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Omi ló fún mi mu.

A fi ìwé náà ránṣẹ́ sí káńsù láti Karama, ẹ̀rọ fáàsì la lò. Bọ̀dá Fẹ́mi pe ilé ìwé pẹ̀lú. Tíṣà Bùkọ́lá, obìnrin ni, lọ kan ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó ti ẹnu ihò lẹ́tà tó wà lára ilẹ̀kùn sọ̀rọ̀: "Bùkọ́lá, ìyá ẹ ló rán mi."

Ilẹ̀kùn ṣí! Ẹ bá mi dúpẹ́! Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà ní, "Ká ní ó pẹ́ sí i, n ò mọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀." Tíṣà yẹn náà ló gba ìwé ẹ̀rí fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọ mi pè.

"Mọ́mì, lẹ́tà káńsù dé. Orúkọ Ọ́ńkù ló tún wà lára ẹ̀. Ṣé kí n ṣí i?"

Háà! Ọmọ tí ebi fẹ́ pa kú, tó ṣì ń tọrọ ààyè lọ́wọ́ mi! Mo ní, "Ṣí i, ọmọ mi. Mo bẹ̀ ẹ́, ṣí i." Mo gbọ́ bó ṣe ya á. Ó kà á: àlejò ni Bọ̀dá Délé, ilé akẹ́kọ̀ọ́ nilé náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sí owó orí, wọ́n ti fagi lé ẹjọ́. Ògo ni fún Ọ! Ògo!

N ò ní purọ́ fún yín. Bùkọ́lá máa tún ọdún yẹn kà. Bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn, ó ṣì máa ń sáré lọ pa iná. Ẹ̀gbọ́n mi wà nínú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ mi wà láàyè, orúkọ ẹ̀ sì wà nílé ìwé. Olúwa, mo dúpẹ́. Mo dúpẹ́, mo tún ọpẹ́ dá.

Ìwọ tí ìwé ìbẹ̀rù wà nílé ẹ lónìí, Ẹni tó gbọ́ tèmi á gbọ́ tìẹ. Ṣí i, kó o gbé e wá síbí, a ó jọ kà á. Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ lọ pe àwọn ọmọ yín. Èmi ti pe tèmi lánàá. Mo ní, "Bùkọ́lá, mo ṣẹ̀ ẹ́. Dárí jì mí."

Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má sunkún mọ́."

Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.