Aṣọ Ìnujú Bàbá Pásítọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ kí n rò ó tán. Láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn ni ara mi kò ti balẹ̀ mọ́. Mo lè jókòó sídìí maṣíìnì ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Apple Junction, kí n rán apá yúnífọ́ọ̀mù ọmọléèwé sódì, kí n tú u, kí n tún rán an sódì bíi ti àkọ́kọ́. Bí mo bá délé, n óò gbé omi kaná, n óò gbàgbé rẹ̀ sórí iná títí yóò fi gbẹ tán. Ọmọ mi, Títí, bi mí lánàá pé, "Mọ́mì, ṣé ara yín ò yá ni?" Mo ní ara mi yá. Kí ni kí n sọ fún ọmọ tó ṣì wà ní praimárì? Aṣọ ìnujú funfun kan wà lórí tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ti Pásítọ̀ ìjọ wa ni, òun ni kò jẹ́ kí n gbádùn. Mo mọ̀ pé ẹ ó máa sọ pé kí ni aṣọ ìnujú lásánlàsàn lè fi ènìyàn ṣe. Ẹ fara balẹ̀, mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Festac ni mo gbé dàgbà. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni bàbá mi, inú ilé tí ìjọba fún un ni wọ́n ti tọ́ gbogbo wa. Ìjọ tí à ń lọ kò jìnnà sí wa. Inú pálọ̀ Bàbá Pásítọ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀, kí a tó kọ́ tiwa sí Amuwo. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ni Bàbá náà, ẹni jẹ́jẹ́ ni wọ́n, wọn kì í pariwo lórí àga ìwàásù, wọ́n kàn máa ń fi etí ẹ̀wù wọn nu awò ojú wọn ṣáá ni. Lọ́dọọdún ni ìjọ wa máa ń ran ẹnì kan lọ́wọ́ láti lọ sí Jerúsálẹ́mù, lọ́dọọdún náà ni a sì ń bẹ Bàbá pé kí wọ́n lọ fúnra wọn. Wọn kì í gbà. Wọ́n á ní kí ọmọ ìjọ kan tí nǹkan le fún lọ dípò àwọn.

Àṣà kan wà nínú ìjọ wa tí n kò rí níbòmíràn. Bí ẹnì kan bá ń lọ sí Jerúsálẹ́mù, gbogbo wa la jọ ń lọ, inú báàgì rẹ̀ la máa ń wà. Olúkúlùkù á mú aṣọ ìnujú kan wá. Ẹni tó ń lọ á kó o dání, á rì í bọ odò Jọ́dánì, á fún un, á sá a, á sì kó o padà wá fún wa lọ́jọ́ ìdúpẹ́ rẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ télọ̀ ni mo máa ń rán àmì sí wọn létí, kí ti ẹnì kan má baà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn: òwú pupa fún Ìyá Àgbà tí orúnkún ń dà láàmú, òwú aláwọ̀ ewé fún ẹni tó ń wá iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ lè rẹ́rìn-ín bí ó bá wù yín. Èmi náà mọ̀ pé Ọlọ́run kò sí nínú òwú. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń rán àmì náà, orúkọ ẹni tó ni ín ni mò ń pè lẹ́nu jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kò sì sí àdúrà tí mo gbà rí tó dùn mọ́ mi tó ìyẹn.

Ọdún tí ọkọ mi lọ, báàgì náà kún bámúbámú. Ilé iṣẹ́ epo kan ní Satellite Town ni ó ti ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó dá wọn dúró, ó sì ti jókòó sílé fún ìgbà pípẹ́. Kò sí òkè àdúrà tí a kò gùn, kò sí ìsọ́ òru tí a kò lọ. Nítorí náà, nígbà tí Bàbá Pásítọ̀ ní òun ni ìjọ máa rán lọ, gbogbo ènìyàn ló bá wa yọ̀. Kó tiẹ̀ tó gba físà ni wọ́n ti ń pè é ní JP, bí a ti máa ń pe ẹni tó bá ti dé Jerúsálẹ́mù, tí wọ́n sì ń pe èmi ní Ìyàwó JP. Àwọn tó ń ṣètò ìrìn àjò náà kì í gba ẹnikẹ́ni láìsí onídùúró, Bàbá Pásítọ̀ ni wọ́n sì fọwọ́ sí i pé ọkọ mi yóò padà wá. Sístà Fúnkẹ́, tí a jọ wà nínú kúáyà, kò mú aṣọ ìnujú wá ní tirẹ̀. Fìlà kékeré kan tó jẹ́ ti Dárà, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ni ó mú wá. Dárà ti ń sáré kiri nígbà náà, ṣùgbọ́n kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

Ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀, a wọ aṣọ funfun, a lọ pàdé wọn ní pápákọ̀ òfurufú. Kúáyà ti bẹ̀rẹ̀ orin. Àwọn arìnrìn àjò ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ike omi Jọ́dánì wọn, mo ń na ọrùn. Ọkọ mi kò jáde. Mo rí ẹni tó ṣáájú wọn tó fa Bàbá Pásítọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo rí i tí Bàbá bọ́ awò ojú wọn, tí wọn ò sì nù ún. Wọ́n rìn wá bá mi. "Ọmọ mi, ọkọ ẹ ò bá wọn bọ̀." Mo kígbe, mo ṣe bí ó ti kú ni. "Kò kú. Ó sá lọ ni. Ó dúró síbẹ̀." Lẹ́yìn mi, kúáyà ṣì ń kọrin, wọn kò tíì mọ̀. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ orin yẹn nínú ìsìn, ń ṣe ni mo máa ń dìde jáde bíi pé mo fẹ́ lọ wo ọmọ.

Ẹ̀yin ará, ìtìjú yẹn ò ṣe é sọ! Wọ́n ṣì ń pè mí ní Ìyàwó JP, ṣùgbọ́n ohùn tí wọ́n fi ń pè é ti yí padà. Àwọn tó ń ṣètò ìrìn àjò náà ránṣẹ́ pe Bàbá Pásítọ̀ léraléra láti wá wí tẹnu wọn, wọ́n sì ní ìjọ wa kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni wá mọ́. Bàbá kò sọ ọ́ lórí àga ìwàásù rí. Wọn kò bi mí bóyá mo mọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ Ọlọ́run mọ̀ pé n kò mọ̀ sí i. Àlàáfíà Títí ni wọ́n máa ń béèrè. Nígbà tí ọkọ mi wá pè mí lórí fóònù, ó ní òun wà ní Tel Aviv, òun ń fọ àwo ní òtẹ́ẹ̀lì kan, kí n má bínú, nítorí èmi àti ọmọ ni òun ṣe ṣe é. Mo sunkún, mo dúpẹ́ pé ó wà láàyè. Lẹ́yìn náà ni mo bi í pé ṣé ó dé odò Jọ́dánì. Ó ní rárá, òun ti sá kúrò láàárín èrò kí ọkọ̀ tó gbé wọn lọ síbẹ̀. Mo ní àwọn aṣọ ìnujú wá ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín. "Òtútù pọ̀ níbí, ìyàwó mi. Èmi àtàwọn tá a jọ ń gbé ti pín in lò. Ṣebí aṣọ ìnujú náà ni." Mo ní fìlà Dárà ńkọ́? Ó ní fìlà wo?

Kí ló dé tó fi jẹ́ pé èyí ló dùn mí ju sísá tó sá lọ? Mo ti rò ó títí. Àìríṣẹ́ lè sọ ọkùnrin di nǹkan míì, mo mọ̀, ojú mi ló ṣe. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà! Òwú pupa tí mo fi ọwọ́ ara mi rán! Mo bínú débi pé mo ju fóònù sórí bẹ́ẹ̀dì. Lọ́jọ́ kejì, mo ní kí n kúkú sọ òótọ́ fún Sístà Fúnkẹ́, torí gbogbo ìgbà tó bá rí mi ló ń béèrè fìlà náà. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo sọ ọ́ fún un. Dárà ń fi bọ́tìnnì ṣeré nílẹ̀. Sístà Fúnkẹ́ wò ó, ó ní, "Àǹtí, ẹ bá mi rán òmíì jàre. Orí Dárà ti tóbi, ìyẹn ò lè wọ̀ ọ́ mọ́." A rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ló di ẹkún fún àwa méjèèjì.

Mo rán fìlà náà, n kò rì í bọ omi kankan. Láti ìgbà náà, bí Sístà Fúnkẹ́ bá ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, yóò kọ́kọ́ yà sí ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú ọmọ náà. Á ka sáàmù kan sí i létí, gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀kan, á dúró díẹ̀ bíi pé ó ń retí kí ó fèsì. Dárà kì í fèsì. Lọ́jọ́ kejì wọ́n á tún wá. Èmi tí mo ti gun òkè títí, tí mo ti sáré láti ìsọ́ òru kan bọ́ sí òmíràn, ìdí maṣíìnì yẹn ni mo ti rí bí ènìyàn ṣe ń jókòó ti Ọlọ́run. N kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, ara mi kì í gbà. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́ díẹ̀ kí n tó tan maṣíìnì, kí n máa pe orúkọ àwọn ènìyàn bí mo ti ń ṣe nígbà tí mò ń rán àmì, orúkọ ọkọ mi náà wà níbẹ̀. Àwọn ọjọ́ kan wà tí ọkàn mi balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó yà mí lẹ́nu.

Ìbàlẹ̀ ọkàn yìí ni ọkọ mi tún wá fi fóònù dà rú. Ó ní òun ti rí yàrá tó jẹ́ ti òun nìkan, òun sì ti bá mi rí iṣẹ́, ìyá arúgbó kan ni n óò máa tọ́jú. Ọ̀nà tí òun gbà ni kí èmi náà gbà: kí n fi orúkọ sílẹ̀ fún Jerúsálẹ́mù. "Pásítọ̀ fẹ́ràn ẹ. Gba áńkáṣíìfù wọn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, kí wọ́n má bàa fura. Tó o bá ti dé, màá wá mú ẹ." Kí n fi Títí sọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìjẹ̀bú, a ó ránṣẹ́ sí i tó bá yá. Ìgbà wo ni yóò yá? Kò mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n má parọ́ fún yín, mo fẹ́ràn ọkọ mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dá sùn. Bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí ó ti rẹ̀ ẹ́, tí ó pe orúkọ mi lórí fóònù, gbogbo ìbínú mi máa ń yọ́. Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó, pé wọn kò tiẹ̀ tíì gbà kí ìjọ wa mú ènìyàn wá. Mo rò pé ìyẹn ti parí ọ̀rọ̀ náà.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Bàbá Pásítọ̀ ní kí n dúró lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n ní àwọn tó ń ṣètò ìrìn àjò ti gbà kí ìjọ wa mú ẹnì kan wá lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ẹni náà bá sì tún sá, ó tán fún wa nìyẹn. "Àwọn alàgbà ní kí n lọ fúnra mi. Mo ní rárá o, ìwọ ni màá rán. Wọ́n ní ṣé ojú mi ò tíì là ni." Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo ní wọ́n ti fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ tó. Jẹ́ kí wọ́n rí ẹ níbi tó o ti ń padà bọ̀." Wọ́n ki ọwọ́ bọ àpò, wọ́n mú aṣọ ìnujú funfun yìí jáde. Gbogbo ọdún tí a fi ń ṣe é, wọn ò fi tiwọn ránṣẹ́ rí. "Bá mi rì í bọ odò yẹn. Kó o sì rán àmì tèmi náà sí i, àwọ̀ tó bá wù ẹ́." Mo kúnlẹ̀, mo gbà á, mo dúpẹ́. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ wá wo wàhálà! Bí mo bá sọ fún Bàbá pé n kò lọ, wọ́n á bi mí ní ìdí, n kò sì lè parọ́ fún wọn. Bí mo bá sọ ìdí, mo ti tú àṣírí ọkọ mi. Bí mo bá lọ pẹ̀lú èrò pé n óò padà, tí mo wá rí ọkọ mi níbi tó dúró sí lẹ́nu ọ̀nà, tó ti rù, tó ń rẹ́rìn-ín sí mi, ta ni yóò bá mi gbé ẹsẹ̀ mi padà sínú ọkọ̀? Bí mo bá sì dúró tì í, Títí ńkọ́? Bàbá arúgbó yẹn ńkọ́, tí wọ́n máa tún wọ aṣọ funfun lọ dúró ní pápákọ̀ òfurufú pẹ̀lú kúáyà? Àwọn kan nínú yín á ní ọ̀dọ̀ ọkọ ni ipò ìyàwó wà. Àwọn kan á ní kí n má sọ ilé Ọlọ́run di ọ̀nà ẹ̀bùrú. Mo ti sọ méjèèjì fún ara mi, ọkàn mi kò dúró sí ọ̀kan. Ẹ̀yin tí irú èyí ti bá rí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kó tó di ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ náà ni Bàbá ń retí èsì mi. Mo ti fọ aṣọ ìnujú náà, bẹ́ẹ̀ kò dọ̀tí. Mo ti lọ̀ ọ́. Láàárọ̀ yìí mo mú òwú búlúù, mo fi sí abẹ́rẹ́, mo pe orúkọ Bàbá jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí mo ti máa ń ṣe. Ọwọ́ mi kọ̀ láti gún un.