Ojú Ìwé Tí Mo Kà fún Bàbá Jóṣúà

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù gbọ́ tèmi. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí kò jẹ́ kí oúnjẹ dùn lẹ́nu mi mọ́. N kò sọ ọ́ fún ìyàwó mi, n kò sì sọ ọ́ fún àlùfáà. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé Ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀ ni Ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, bí mo bá sì dákẹ́ títí di ọjọ́ náà, ẹlòmíràn ni yóò bá mi sọ ọ́.

Tíṣà ni mí ní Kàbà. Nígbà tí mo dé láti yunifásítì tuntun tó wà ní Ìbàdàn, mo rò pé ìlú ti ń dúró dè mí. A dá ẹgbẹ́ òǹkàwé sílẹ̀. Ní ọ̀sán Sátidé a máa ń pàdé ní kíláàsì mi, ẹnì kọ̀ọ̀kan á sọ ìwé tó kà láìpẹ́ àti ìdí tó fi yẹ kí àwọn yòókù náà kà á. Akọ̀wé kóòtù máa ń sọ fún wa bí ìwé tirẹ̀ ti wúwo tó. Èmi náà kò sàn jù ú lọ. Mo máa ń ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú àti orí kìíní, màá wá yin ìyókù bí ẹni pé èmi ni mo kọ ọ́.

Bàbá Jóṣúà wà nínú ẹgbẹ́ wa. Àgbẹ̀ ni. Ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ló ti kọ́ Yorùbá kíkà nígbà tó ti dàgbà. Ìwé ìtàn àròsọ ló máa ń ní kí a kà, àwọn èyí tí ènìyàn sọnù nínú wọn tó sì tún padà wálé. A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá mú ìwé ìtàn gidi wá, ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń bi onítọ̀hún: "Ṣé a wà níbẹ̀?"

A kì í sí níbẹ̀. Àwọn tó kọ ìtàn Yorùbá ka àwa ará Kàbà mọ́ Àríwá, àwọn tó kọ ìtàn Àríwá kà wá mọ́ Yorùbá.

Lọ́jọ́ kan, mo gbé ìwé ìtàn ńlá kan dé, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Mo yìn ín títí. Bàbá béèrè ìbéèrè rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba tèmi rò: díẹ̀ ni mo ti kà nínú ìwé náà. Bí mo bá ní n kò mọ̀, àṣírí mi tú nìyẹn. Mo ní a wà níbẹ̀.

Ó ní kí n kà á. Mo ṣí ìwé náà sí àárín, níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ owó orí ìlú mìíràn, mo sì ń ṣe bí ẹni tó ń túmọ̀. Mo ní àwọn ẹlẹ́ṣin wá láti Núpé, àwọn ènìyàn wa sì sá gun orí àpáta. Ohun tí gbogbo wa ti gbọ́ lẹ́nu ìyá àgbà ni. Gbogbo wọn tẹjú mọ́ mi. Ìyẹn dùn mọ́ mi, n kò ní purọ́ fún yín.

Bàbá wá rọra sọ pé, "Tíṣà, ṣé ó sọ ibi tí wọ́n kó wọn lọ?"

Ó sọ ìdí tó fi béèrè fún wa. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló pọ̀n ọ́n lọ́jọ́ tí àwọn ẹlẹ́ṣin dé. Ó fi í pamọ́ sábẹ́ ewé iṣu, òun fúnra rẹ̀ sá gba ọ̀nà mìíràn kí wọ́n lè tẹ̀ lé òun. Wọ́n sì tẹ̀ lé e. Láti ìgbà náà ló ti ń wá a. Gbogbo ìwé tó ń kà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń wá nínú wọn.

Ǹ bá dúró níbẹ̀. Ẹnu mi kò dúró. Mo dárúkọ ìlú kan lódìkejì Odò Ọya, èyí tí ojú mi kọ́kọ́ bà lé lórí máàpù tó wà lára ògiri.

Bàbá lọ. Ó wọ lọ́rì dé Lọ́kọ́ja, ó sọdá odò. Èmi ń gbàdúrà kí ó padà lọ́wọ́ òfo, mo ti ń ronú bí n ó ṣe dá ẹni tó kọ ìwé náà lẹ́bi. Ó padà dé pẹ̀lú obìnrin arúgbó kan.

Ó ní òun béèrè àwọn tí wọ́n kó wá láti ìhà ọ̀dọ̀ wa nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, wọ́n sì fi ìyá yìí han òun. Ìyá ti gbàgbé èdè wa, àfi ìkíni nìkan. Ó kí bàbá pé "Okun," bàbá kò sì béèrè ohun mìíràn mọ́. Láti ọjọ́ náà, iwájú ilé ni wọ́n jọ ń jókòó sí. Bàbá á máa ròyìn ẹni tó kú àti ẹni tó bímọ láti ìgbà tí wọ́n ti pínyà. Ìyá kò gbọ́ ọ. Á máa bó ẹ̀gúsí, á máa mi orí.

Nígbà tí bàbá lọ sóko, mo lọ bá ìyá. Mo gbọ́ Hausa díẹ̀, òun náà sì gbọ́ ọ. Mo bi í bóyá àbúrò rẹ̀ ni bàbá ní tòótọ́. Kò dáwọ́ ẹ̀gúsí dúró.

Ó ní, "Mo ní àbúrò kan. N kò rántí ojú rẹ̀. Ẹni yìí ló wá mi wá. Ìwọ tó ń bi mí, ta ló ń wá ọ?"

Mo dìde, mo sì gba ilé lọ.

Tìmótíù, ọmọ bàbá, kò gbà pé ìbátan àwọn ni ìyá náà. Ó ní lọ́jọ́ Ìkórè, kí àlùfáà ka ojú ìwé náà sétí gbogbo ìjọ. Bí orúkọ ìlú náà bá wà níbẹ̀, òun á dọ̀bálẹ̀ fún ìyá. Bí kò bá sí, lọ́rì ọjọ́ Mọ́ńdè ni ìyá yóò bá padà. Ó ti wá béèrè ìwé náà lọ́wọ́ mi. Mo ní mo ti yá a fún ẹnì kan ní Ayétòrò-Gbẹdẹ. Abẹ́ aṣọ nínú àpótí mi ló wà.

Bàbá ní tirẹ̀ ń yọ̀. Ó ní, "Jẹ́ kí wọ́n kà á, Tíṣà. Kí gbogbo ìlú gbọ́ pé a wà níbẹ̀."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n jù mí lọ, kí ni kí n ṣe? Bí mo bá gbé ìwé náà jáde, mo lé ìyá lọ. Bí mo bá ní ó sọnù, Tìmótíù kò ní gbà. Bí mo bá sì lọ sọ òtítọ́ fún bàbá fúnra rẹ̀, mo gba ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, èmi kò sì ní ẹṣin tí n ó fi sá lọ.