Píkọ́ọ̀pù Tó Ń Yà Sọ́tùn-ún

Bàbá Waliyat, ẹ gbé sípánà yẹn sílẹ̀ ná, ẹ gbọ́ mi. Rárá, mi ò jókòó. Ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ti lo ọjọ́ márùn-ún nílé ìyá rẹ̀ ní Kubwa, ìjókòó kọ́ ló kàn án. Kúnbi ti lọ. Ẹ̀yin lẹ sì lé e lọ. Ẹ má wẹ̀yìn, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, ẹ̀yin náà ni mò ń bá wí.

Mo gbà, ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀. Èmi ni mo rí píkọ́ọ̀pù Kenny ní ọ́fíìsì wa, tó ga débi pé ó ń wo orí ọkọ̀ ọ̀gá wa látòkè, tí ojú mi sì wọ̀ ọ́. Èmi ni mo gbé tèmi wá pé ẹ bá mi gbé e sókè. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ rántí ohun tí mo bi yín lọ́jọ́ náà? Mo ní tẹ́ ẹ bá gbé e sókè tán, ṣé kò ní í máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan? Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ ní kí wọ́n tó bí mi lẹ ti ń tún ọkọ̀ ṣe ní Ìsẹ́yìn. Ẹ yọ sípíríǹgì, ẹ ki irin tó nípọn sí i, ọkọ̀ ga, inú mi dùn bí ọmọdé. Mo ní aláímẹ́ǹtì ńkọ́, ṣé kò yẹ kí wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ, kí wọ́n tún ẹsẹ̀ rẹ̀ tò kó gún? Ẹ ní ẹ̀rọ wo? Ẹ fa okùn láti táyà ẹ̀yìn dé táyà iwájú, ẹ di ojú kan, ẹ ní ó ti gún.

Ó gún kẹ̀? Kí n tó jáde nínú ọgbà yìí ló ti ń fà mí sọ́tùn-ún. Mo padà wá lọ́jọ́ kejì, mo ní ẹ wò ó, bí mo bá fẹ́ lọ tààrà, àfi kí n di sítíárìn mú sápá òsì. Kí lẹ ṣe? Ṣé ẹ wo abẹ́ ọkọ̀ ni? Ẹ tú sítíárìn kúrò lọ́rùn rẹ̀, ẹ yí i títí ó fi gún lójú, ẹ dè é padà, ẹ ní ó parí. Orí ń fọ́ èèyàn, ẹ ń bá a tún fìlà dé. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin wà níbẹ̀, Bàbá Waliyat, ẹsẹ̀ ọkọ̀ mi wọ́, ẹ tún ń fọwọ́ sí i.

Ẹ dúró, mi ò tíì débi ọ̀rọ̀. Mọ́ńdè tó kọjá, mo ń gbé Kúnbi lọ síbi iṣẹ́ láti ilé wa ní Jahi. Ojú ọ̀nà ẹ́sítéètì wa gún gbọọrọ. Fóònù rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ kí n bá a mú un, ọwọ́ mi kúrò lára sítíárìn díẹ̀ báyìí, kí n tó gbórí sókè ọkọ̀ ti yà, imú rẹ̀ ti kan géètì kan. Nínú gbogbo géètì tó wà ní Jahi, géètì ilé Lateefah ni.

Ẹ ò lè mọ Lateefah. Òun ni mo fẹ́ fẹ́ kí n tó mọ Kúnbi. Wàláì, mi ò tẹ ilé yẹn láti ọdún mẹ́rin. Kúnbi fúnra rẹ̀ ló yan ẹ́sítéètì tí à ń gbé, mi ò rí bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé ìdí tí mi ò fi fẹ́ ibẹ̀, mo bá dákẹ́. Ó mọ orúkọ Lateefah, kò mọ ilé rẹ̀. Ká ní ọkọ̀ mi ṣì wà nílẹ̀ bó ṣe wà, ògiri nìkan là bá rí. Ẹ ti gbé wa sókè. Kúnbi wo orí ògiri kọjá, ó rí obìnrin kan tó ń sá aṣọ, obìnrin náà rí wa, ó juwọ́ sí wa. Ni mẹ́gáádì bá yọjú, inú rẹ̀ dùn, ó ní, "Kai, Ọ̀gá Táyọ̀, sànnu, ó tójọ́ mẹ́ta! Àǹtí Lateefah wà nílé." Ó sì ṣí géètì gbayawu.

Mo ní, "Kúnbi, aláímẹ́ǹtì ni." Ó wò mí. Ó ní, "Adétáyọ̀, ọkọ̀ tí kò bá débì kan rí kì í mọ ibẹ̀." Ó ṣílẹ̀kùn, ó fò bọ́ sílẹ̀ nítorí ọkọ̀ ti ga jù, bàtà rẹ̀ kan kù sínú ọkọ̀, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn wò, ó dá kẹ̀kẹ́ márúwá dúró, ó bá a lọ. Bàtà náà rèé lọ́wọ́ mi. Ẹ wò ó dáadáa. Mò ń gbé bàtà ẹsẹ̀ kan kiri Àbújá.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Mo ti lọ bẹ̀bẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pálọ̀. Màmá Kúnbi ní ọkọ kì í dá wá bẹ ìyàwó, kí n lọ mú àgbà kan wá. Mo ní bàbá mi wà ní Òṣogbo. Wọ́n ní kì í ṣe irú àgbà yẹn, àgbà tó lè ṣàlàyé bí ọkọ̀ ṣe ń dá rìn lọ sílé obìnrin làwọn ń fẹ́ rí. Ta nìyẹn bí kò ṣe ẹ̀yin?

Torí náà, ẹ lọ fọwọ́, ẹ wọ aṣọ tí kò ní epo lára, ẹ dé fìlà. Táyà iwájú tí mo yọ wà lẹ́yìn ọkọ̀, ẹ̀gbẹ́ kan ti pá, ẹ̀gbẹ́ kejì ṣì tuntun, ẹ̀rí wa nìyẹn, ẹ̀yin lẹ máa gbé e wọ pálọ̀. Ẹ sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni kò gún, pé ọkàn ọkọ gún. Mo fẹ́ràn ìyàwó mi, Bàbá Waliyat. Ilé ti dákẹ́ jù. Ó yá, ẹ gòkè, ẹ jókòó síwájú, ká máa lọ.

Ẹ ní kí ni?

Ẹ máa fi bọ́ọ̀sì tẹ̀ lé mi? Kí ló dé? Ẹ ní eré pọ̀ lójú ọ̀nà Kubwa, ẹ ní ẹ lọ́mọ nílé? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ di ojú kan tẹ́ ẹ ní ó ti gún? Yéè, ẹ jẹ́ n fara ti ògiri ná. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Ó dáa, mo ti tilẹ̀kùn rẹ̀, ẹ jẹ́ ká jọ wọ bọ́ọ̀sì. Bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ yẹn gan-an, pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe é ò jẹ́ wọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ sọ ọ́ níwájú Kúnbi. Ẹ gbé táyà. Èmi á gbé bàtà.