Iṣẹ́ Tí Wọ́n Rán Mi sí Kóòṣì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí láyà láti ìgbà pípẹ́, mi ò sì rí ẹni sọ ọ́ fún. A ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọ̀rẹ́ mi, Okwudili. Nígbà tí wọ́n ń da yẹ̀pẹ̀ bò ó, mo rí i pé mo ti pẹ́ jù. Ẹni kan ṣì wà láyé tó ń jìyà ohun tí mo ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Ibi tí ọwọ́ mi bá ti ṣì, ẹ má bínú.

Onitsha ni mo ń gbé. Ìkirè ni wọ́n bí mi sí, àmọ́ àdúgbò Woliwo níbí ni irun orí mi ti funfun. Télọ̀ ni mí. Mo gbọ́ Ìgbò débi pé nígbà mìíràn, Ìgbò ni mo fi ń lálàá. Mo lè fi Ìgbò sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ìdí tí mo fi fi Yorùbá kọ ọ́ ni pé kò sí ẹnì kan ní àdúgbò mi tó lè kà á, títí kan àwọn ọmọ ọmọ mi pàápàá. Ẹ wo bí ojo ṣe máa ń ṣe.

Ní ìgbà yẹn, ṣọ́ọ̀bù mi ni kóòtù bọ́ọ̀lù. Bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú wa bá gbá bọ́ọ̀lù tán, ì báà jẹ́ wọ́n borí, ì báà jẹ́ wọ́n lù wọ́n, ọ̀dọ̀ mi ni àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ń wò wọ́n máa ń dà sí láti pápá. Sunday tó ń lẹ táyà á wá tòun ti èérí epo lápá, mo sì máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má fara kan aṣọ oníbàárà. Nwakaego tó ń ta ọ̀kpà á gbé abọ́ rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Bí ẹ ò bá mọ ọ̀kpà, ẹ̀gbọ́n mọ́ínmọ́ín ni. Obìnrin ni, àmọ́ kò sí ọkùnrin tó mọ bọ́ọ̀lù tó o, kò sì sí ẹni tó mọ rẹfirí bú tó o. Emeka tó ń ta oògùn òyìnbó ní ọjà Bridge Head á wá. Emeka kì í jókòó. Tó bá ń sọ̀rọ̀, á máa rìn láti ara ògiri kan dé ìkejì, títí a ó fi ní kó dúró, kí ojú wa má bàa máa yí.

Okwudili ló máa ń wọlé gbẹ̀yìn, nítorí á ti dúró bá àwọn èèyàn jà lọ́nà. Mílíìkì àti ṣúgà ló ń tà. Ìsọ̀ rẹ̀ àti ti Emeka fara kan ara wọn, pẹpẹ kan náà ni wọ́n jọ ń lò.

Okwudili ni ẹni àkọ́kọ́ tó fún mi ní aṣọ rán ní Onitsha. Ṣòkòtò ni. Ẹsẹ̀ ọ̀tún gùn ju ti òsì lọ. Ó wọ̀ ọ́ lọ sọ́jà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní, "Ngbati mi ṣì ń mọ ẹsẹ̀ wa ni, ẹ fi í sílẹ̀." Ngbati ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí. Bí ẹlòmíràn bá pè mí bẹ́ẹ̀, mo máa ń lejú. Bí Okwudili bá pè mí, orúkọ mi ni.

Ifeanyi ni ọmọ rẹ̀. Èmi ni mo rán ṣòkòtò iléèwé ọmọ náà, àti jákẹ́ẹ̀tì tó fi gba oúnjẹ Olúwa. Nígbà tí ẹgbẹ́ wa mú un, tí wọ́n fún un ní nọ́ńbà náìnì, Okwudili gbé aṣọ wá fún mi, ó ní kí n rán jẹ́sì fún òun náà, kí n sì kọ "Bàbá Nọ́ńbà Náìnì" sí i lẹ́yìn. Orúkọ náà gùn ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Ó yí dé abẹ́ apá. Ó wọ̀ ọ́ títí àwọ̀ aṣọ náà fi ṣá.

Ọdún kan wá dé, gólù gbẹ. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń ṣe dáadáa, golí wa ń gbìyànjú, àmọ́ tí bọ́ọ̀lù bá ti dé iwájú, á dà bíi pé ìlú àjèjì ni wọ́n wọ̀. Wọ́n á máa wo ojú ara wọn. A ti ń sún mọ́ ìdí tábìlì, ẹ̀rù sì ti ń bà wá pé a máa já sí líìgì ìsàlẹ̀. Gbogbo ẹnu ló wà lára Ifeanyi.

Ìlànà kan wà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Tí ọ̀rọ̀ bá kan ọmọ ẹnì kan, bàbá ọmọ á bọ́ síta, kí oníkálukú lè sọ tinú rẹ̀. Ọjọ́ tí a fẹ́ dá ọ̀rọ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù iwájú wa, Okwudili bọ́ síta. Abẹ́ fèrèsé ló lọ dúró.

Emeka bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ Ifeanyi. Mo fẹ́ràn ọmọ yẹn, èmi ni mo ń fún un ní oògùn ibà láti kékeré. Àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ti di igi."

Okwudili dáhùn láti ìta: "Bàbá ẹ ni igi."

Sunday ní, "Okwudili, a ní kí o jáde, etí ẹ ṣì wà níbí. Wá mú un lọ."

A rẹ́rìn-ín títí. Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣì ń gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Mo máa ń jókòó sídìí ẹ̀rọ mi báyìí, ẹ̀rín yẹn á dé, màá sì dúró kí n tó máa bá iṣẹ́ lọ.

Nwakaego ló yanjú ọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, ta ló ń fún ọmọ yẹn ní bọ́ọ̀lù? Wíńgà òsì yẹn, tó bá ti gba bọ́ọ̀lù, àárín ló ń sá wọ̀, bí ẹni tí òjò ń lé. Ẹ ò gbé ẹran fún alásè, ẹ wá ń bú u pé ọbẹ̀ rẹ̀ kò lẹ́ran. Wíńgà ni kí ẹ pààrọ̀."

Wọ́n jiyàn lé e. Wọ́n fi ọṣẹ tí mo fi ń fa ìlà sáṣọ ya pápá sórí tábìlì, wọ́n fi bọ́tìnnì ṣe agbábọ́ọ̀lù. Nígbẹ̀yìn, gbogbo wọn fara mọ́ tirẹ̀. Emeka náà gbà. Ó ní, "Ó dáa, mo ti fi sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ wa máa gbá a lọ, kí wọ́n pààrọ̀ wíńgà." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di gbólóhùn Emeka yìí mú. Ó gbà.

Mo ń tẹ ẹ̀rọ mi. Ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi, ohun tí Emeka kọ́kọ́ sọ ni mo gbà gbọ́. Mo rò pé Ifeanyi ti tán. Mi ò lè sọ ọ́, nítorí Okwudili wà lábẹ́ fèrèsé.

Èmi ni wọ́n sì máa ń rán sí kóòṣì. Wọ́n ní bí ọmọ Ìgbò bá lọ, kóòṣì á béèrè abúlé rẹ̀, á sì rò pé ọmọ abúlé rẹ̀ ló ń gbè. Èmi kò ní ará abúlé nínú ẹgbẹ́ náà. Okwudili máa ń sọ pé, "Ẹ rán Ngbati. Ẹnu rẹ̀ kò ní ìbátan." Kóòṣì yẹn náà sì máa ń gbọ́ tiwa, nítorí ó mọ̀ pé bí a bá bínú, pápá á ṣófo, tàbí kí òkò wọ̀ ọ́.

Mo bá a ní pápá láàárọ̀. Ó gbé àga fún mi. Ó ní, "Ọ̀gá Télọ̀, kí làwọn èèyàn yín wí?"

Mo ní, "Wọ́n ní kí ẹ yọ Ifeanyi."

Ó bọ́ lẹ́nu mi báyẹn. Mo lè sọ pé iṣẹ́ Èṣù ni. Irọ́ ni, èmi ni. Kóòṣì mi orí. Ó ní òun náà ti ń rò ó, ó sì ní ojú mi dáa nínú bọ́ọ̀lù. Látìgbà tí mo ti wà ní Onitsha, tí mo bá sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, wọ́n á ní kí n lọ máa rán ṣòkòtò. Ọ̀gbẹ́ni tó kàwé gan-an wá ń mi orí sí ọ̀rọ̀ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ó dùn mọ́ mi. Mo fi kún un. Mo ní gbogbo wa ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Mi ò dárúkọ wíńgà rárá.

Nígbà tí mo padà dé, mo ní mo ti jíṣẹ́.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, Ifeanyi jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ọmọkùnrin tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ gbá gólù méjì wọlé. Pápá dàrú. Mo jó. Okwudili wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú jẹ́sì rẹ̀, kò dìde. Mo jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yìn ọjọ́ yẹn, ọmọkùnrin náà kò gbá gólù mọ́. Bọ́ọ̀lù kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí kò ṣe dé ọ̀dọ̀ Ifeanyi tẹ́lẹ̀. Wíńgà ṣì ń sá wọ àárín. Nwakaego ló jàre. A já sí líìgì ìsàlẹ̀, wọ́n ní kí Ifeanyi máa lọ sílé, kóòṣì náà sì gba ìlú mìíràn lọ. Kó tó lọ, ó ti sọ fún Ifeanyi pé, "Àwọn èèyàn bàbá ẹ ló ní kí n yọ ẹ́."

Okwudili wá bá mi. Òun nìkan ló wá. Ó jókòó sórí àpótí tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó sí. Ó ní, "Ngbati, ṣé bí a ṣe rán ẹ lo ṣe jẹ́ ẹ?"

Mo ní, "Bí ẹ ṣe rán mi ni."

Ó gbà mí gbọ́. Kò tún béèrè mọ́. Ó ní, á jẹ́ pé ẹnì kan yọ́ lọ bá kóòṣì lẹ́yìn wa nìyẹn, Emeka sì ni, nítorí òun fi etí ara òun gbọ́ ọ nígbà tó ní ẹsẹ̀ ọmọ òun di igi. Mo wà níbẹ̀. Mo gbé ojú sílẹ̀, mo ń wá abẹ́rẹ́ tí kò sọnù.

Emeka fi Bíbélì búra. Okwudili ní kó gbé Bíbélì rẹ̀ lọ. Wọ́n la pẹpẹ yẹn sí méjì, wọ́n kan pákó sáàárín ìsọ̀ wọn. Wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ láyé. Ifeanyi lọ ń ta páàtì mọ́tò ní ìlú Nnewi, kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Bàbá rẹ̀ kò wọ pápá mọ́. Ó ṣì máa ń wá sọ́dọ̀ mi, àmọ́ bí ẹnì kan bá ti dárúkọ bọ́ọ̀lù, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ òjò. Díẹ̀díẹ̀, àwọn yòókù ò wá mọ́. Sunday ti kú. Nwakaego ti padà sí abúlé rẹ̀. Ìyàwó mi, Sàfú, kú láìmọ ohun tí mo ṣe.

Èyí tó kù yìí ló burú jù fún mi láti kọ. Nígbà tí Okwudili ń ṣàìsàn, Emeka gbé oògùn wá fún mi. Ó ní kí n bá òun fún un, kí n má sọ ẹni tó fún mi, nítorí bó bá mọ̀, kò ní lò ó. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Okwudili lo oògùn náà. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní ọ̀rẹ́ bíi tèmi kò sí, pé àwọn tí òun àti wọn jọ ń sọ èdè kan náà ti ta òun, èmi Ngbati ló kù. Mo gba ọpẹ́ náà, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ní kò tó ọpẹ́.

Ọjọ́ ìsìnkú, Emeka wá. Àwọn ẹbí kò jẹ́ kó wọlé. Ó dúró ní òdìkejì títì, ó ṣí fìlà, àgbàlagbà tó ń fi ọ̀pá rìn, nínú oòrùn, títí wọ́n fi ṣe tán. Mo wà nínú ilé. Àga iwájú ni wọ́n fún mi, pẹ̀lú àwọn ẹbí.

Lẹ́yìn náà ni Ifeanyi pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Orí rẹ̀ náà ti ń hewú. Ó ní, "Bàbá, mi ò fẹ́ gbé ìjà bàbá mi padà sí Nnewi. Ẹ bá mi dé ilé Emeka ní Awada. Ẹ̀yin lẹ jíṣẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo fẹ́ bi í lójú yín. Bó bá jẹ́wọ́, màá dárí jì í, ó tán."

Mo ní ó dáa. Sátidé yìí ló máa wá gbé mi.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Bí mo bá sọ ọ́ fún ọmọ náà lọ́nà, bóyá á jù mí sílẹ̀ níbẹ̀, Emeka á sì máa jókòó nílé láìmọ̀ pé orúkọ òun ti mọ́. Bí mo bá dúró di ìgbà tí a dé ọ̀dọ̀ Emeka, á jẹ́ pé mo jẹ́ kí ọmọ Okwudili kọ́kọ́ fojú ọ̀dàlẹ̀ wo ọkùnrin yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó la ẹnu. Ta ni kí n kọ́kọ́ bẹ̀? Ẹni tó yẹ kí n kọ́kọ́ bẹ̀ ti wà lábẹ́ ilẹ̀.

Àwọn kan nínú yín á ní kí n dákẹ́, pé bọ́ọ̀lù lásán ni, pé mo ti darúgbó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, nítorí màá gbà. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ yìí, kó kọ gbólóhùn àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi ṣáájú Sátidé. Màá jẹ́ ẹ bí ẹ bá ṣe rán mi.