Wọ́n Ń Ta Àkànbí ní Ọbáléndé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ìyá mi kò pè mí ní Àkànbí mọ́. Bàbá Ràṣídì ló ń pè mí báyìí, bí ẹní ń pe àlejò tó yà wá mu omi. Gbogbo irun orí mi ti funfun, oríkì yẹn nìkan ló kù tó máa ń sọ mí di ọmọdé, ọ̀rẹ́ mi ló sì gbà á lọ́wọ́ mi. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Kò sí ẹni tó mọ oríkì àwọn baba ńlá wa tó ìyá mi ní agbolé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, mo ní kó kì wọ́n sínú kásẹ́ẹ̀tì kí wọ́n má baà bá a lọ. Ó kọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti lé ní àádọ́ta ọdún kí n tó fi àkọlé ara ṣọ́ọ̀bù kọ́ ara mi ní ìwé kíkà. Ṣé ẹni tó ṣe ìyẹn ni wọ́n máa kọ̀ fún lẹ́ẹ̀kan tí á sì padà? Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà. Ó ní, "Kò gbọdọ̀ jáde nínú agbolé yìí o. Oríkì ilé wa kì í ṣe ẹ̀pà tí wọ́n ń kiri." Mo búra fún un.

Mùfútàù ọ̀rẹ́ mi ni mo gbé kásẹ́ẹ̀tì náà fún, kó bá mi ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń da orin sí kásẹ́ẹ̀tì ní Adéníji Adélé. A jọ lọ ilé-kéwú ni, abọ́ kan náà ni ìyá mi fi ń bu oúnjẹ fún wa. Ìyàwó mi ní kí n jókòó tì í títí yóò fi ṣe tán. Mo ní, "Ṣé kí n máa ṣọ́ Mùfú bí olè ni?"

Lọ́jọ́ kan, mò ń wá ọkọ̀ ní Ọbáléndé ni mo gbọ́ ohùn ìyá mi láti ibi tí wọ́n ti ń ta kásẹ́ẹ̀tì. Ó dé ibi tó ti dánu dúró láti bá mi wí lọ́jọ́ tí mò ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀: "Àkànbí, jókòó dáadáa, má fẹ̀yìn ti ògiri ẹlẹ́gbin yẹn." Kọ̀ńdọ́ ọkọ̀ kan gbà á mọ́ ọn lẹ́nu, ó kígbe sí èrò ọkọ̀ rẹ̀, "Àkànbí, jókòó dáadáa!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Gbogbo gáréèjì ti mọ̀ ọ́n sórí.

Mo kọrí sí ọ̀dọ̀ Mùfú. Kò tilẹ̀ sẹ́. Ó ń nu ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. "Ọ̀rẹ́ mi, kí ni mo mú lọ? Ṣebí kásẹ́ẹ̀tì rẹ wà lọ́wọ́ rẹ. Ohùn kì í ṣe iṣu, tí mo bá gé lára rẹ̀ tí yóò dín."

Mo gba ilé lọ.

Ilé ni èsì wà. Aládùúgbò wa kan ti ra ọ̀kan, ó gbé e sí ojú fèrèsé, ìyá mi sì gbọ́ ohùn ara rẹ̀ láti òde. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣàlàyé. Ó ní, "Ta ni mo kì wọ́n fún? Ṣé Mùfú ni?" Mo tún bẹ̀ ẹ́. Ó wá ní, "Ẹ dìde, Bàbá Ràṣídì."

Ìyá mi ló ń sọ "ẹ" fún mi.

Mùfú ti rán àgbà sí mi, ó ní òun kò ní tà á mọ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ẹ̀bẹ̀ wo ni mo tún lè bẹ ìyá mi? Ní Ọbáléndé, ẹnikẹ́ni ló lè pe Àkànbí. Ẹnu kan péré ni mo fẹ́ kó ti jáde.