Ẹ Má Gba Èsì Oníwèé Lọ́la

Alága ìgbìmọ̀ wa, Aṣòfin Teasdale; ẹ̀yin aṣòfin tí ẹ fi ìdìbò sílẹ̀ wá; Ọ̀gágun Brandvold àti àwọn ológun tó bá a wá; ẹ̀yin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá tí kò ní fèrèsé; Norma ìyàwó mi; ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín. Wọ́n ní kí n má pẹ́ níbi àríyá ìfẹ̀yìntì mi yìí. Ìgbìmọ̀ tó fi ọdún mọ́kànlá dúró de hẹlikọ́pútà kan ló sọ bẹ́ẹ̀, mo sì gbọ́.

Ta ni n ò ní dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀? Pruett, ọ̀gá tí mo kọ́kọ́ bá níbí, ló kọ́ mi bí a ṣe ń ka ìwé ìnáwó àwọn ológun. Ó ní, "Ọmọkùnrin, ojú ìwé tó bá sú ẹ, ibẹ̀ ni kó o kà lẹ́ẹ̀mejì." Mo kà á lẹ́ẹ̀kan.

Gbogbo wa la mọ òfin tí ilé aṣòfin yìí fi ka ẹ̀bùn léèwọ̀: oúnjẹ tí ilé iṣẹ́ bá fi igi ìtayín gún fún wa, tí a sì jẹ lórí ìdúró, kì í ṣe oúnjẹ. Orí ìdúró náà ni ọkùnrin ilé iṣẹ́ tó ń ṣe hẹlikọ́pútà wa ti sọ fún mi pé, bí a bá kọ owó ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀ sábẹ́ owó ìtọ́jú ọkọ̀, kì í ṣe owó ètò kọ̀ǹpútà mọ́. Mo jẹ wàràkàṣì mi tán, mo ní ó bọ́gbọ́n mu.

Alága, ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ bi Ọ̀gágun pé, "Èló ni ètò kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ yìí ti jẹ báyìí?" Kò wo yín. Èmi tí mo jókòó sẹ́yìn yín ló wò. Mo tẹ̀ sí etí yín, mo ní, "Ẹ ní kó fi ìwé fèsì, mà." Ẹ gbà mí gbọ́. Èsì dé lẹ́yìn tí a ti dìbò fún owó sí i: ìwé tó gùn, tó mọ́, tí kò sí iye kankan nínú ẹ̀. Ọ̀gágun, ẹ máa jẹ kéèkì yín.

Ẹ wo obìnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Renata Oyler ni, awabàlúù tó ń fi ọkọ̀ yẹn gbé àwọn ọmọ ogun tó fara pa. Ó wá sí ọ́fíìsì mi lọ́dún tó kọjá.

"Sà, àwòrán ojú ọ̀nà inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kú mọ́ mi lójú lókè, ọmọ ogun tó fara pa ń kérora lẹ́yìn mi. Fóònù mi ni mo fi wá ọsibítù. Kí lẹ ń fi owó yẹn rà gan-an?"

Mo ní kó lọ kọ ọ́ sílẹ̀, a ó fèsì.

Ó ní, "Mo ti sọ ọ́, sà. Ẹ sì ti gbọ́."

Ọmọ náà yè, ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n pẹ́ lọ́nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò bá a délé. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà o. Ojú ń tì mí, Renata. Ojú ń tì mí níwájú Norma, tó ti ń sọ fáwọn ọmọ wa láti ọjọ́ pípẹ́ wá pé èmi ni mò ń ṣọ́ owó ìlú.

Lọ́la, ìgbìmọ̀ yìí yóò tún jókòó lórí owó hẹlikọ́pútà kan náà. Alága, ẹ bi Ọ̀gágun ní ìbéèrè yẹn, kí ẹ sì dúró tì í. Abẹ́ owó ìtọ́jú ọkọ̀ ni owó náà wà. Èmi ni mo gbà kí wọ́n fi síbẹ̀. Marisol Quintanar, ìwọ tó ń gba ipò mi, ìwọ lo máa jókòó sẹ́yìn Alága. Ọ̀gágun á wò ẹ́. Èèyàn dáadáa ni, ojú rẹ̀ á sì ṣe ẹ́ láàánú. Má sọ nǹkan kan sétí ẹnikẹ́ni.

Ọlọ́run á bá yín tọ́jú ilé yín. Ọkọ̀ tó bá gbé ọmọ yín á mọ ibi tó ń lọ. Mo bi Renata bóyá ó máa jẹ kéèkì. Ó ní rárá, ìjókòó ọ̀la lòun tìtorí ẹ̀ wá. Èmi náà á wá, n ó jókòó láàárín àwọn ará ìlú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bó bá gbà mí láyè.

Ẹ ṣé gan-an o, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ mi dópin.